Àzíìzàt Ò Sọ Nǹkan Kan fún Wọn

Ilé alájà mẹ́rin kan wà lẹ́yìn ọjà àwọn aláṣọ ní Al-Hindawiyah, ní gúúsù ìlú Jẹ́dà. Bí ẹ bá débẹ̀, tí ẹ bi ọmọ kékeré tó ń ṣeré lórí àtẹ̀gùn pé níbo ni màmá rẹ̀ wà, ìdáhùn kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́: "Mádírì." Bí Lárúbáwá ṣe ń sọ pé mi ò mọ̀ nìyẹn. Ẹ bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀, mádírì. Ẹ bi í bóyá àjà kejì ni wọ́n ń gbé tàbí àjà kẹta, mádírì. Àlejò tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní orí ọmọ ọ̀hún kò pé. Orí ọmọ pé dáadáa. Ẹ̀kọ́ ilé ni ẹ rí yẹn.

Àlàájà Salimat, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ń dirun fún àwọn obìnrin káàkiri ilé wọn, wà lára àwọn tó fi ẹ̀kọ́ náà lélẹ̀. Ó wá ṣe Úmúrà ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ó sì gbàgbé láti padà sílé. Kò ní íkámà, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kí àlejò gbélùú, bẹ́ẹ̀ ni Àzíìzàt ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bí sí Jẹ́dà, kò ní. Lọ́dún kan, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan fún ọmọ Kamilah, aládùúgbò wọn, ní bisikíìtì, ó sì bi í níbi tí bàbá rẹ̀ wà. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó mú un gun àtẹ̀gùn, ó tún bá a kan ilẹ̀kùn. Kí oṣù náà tó parí, bàbá ọmọ ti wà ní Ìlọrin. Láti ọjọ́ yẹn ni Salimat ti ń sọ ọ́ fún Àzíìzàt láràárọ̀, bí ó bá ti ń wé híjáàbù fún un, pé ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Bí Lárúbáwá kankan bá bi ọ́ ní nǹkan, ohun yòówù kó jẹ́, mádírì.

Ọmọ náà kò sì lọ ilé ẹ̀kọ́. Salimat ti bèèrè ní ilé ẹ̀kọ́ méjì, àwọn náà bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kéú ni Àzíìzàt ń kọ́ lọ́dọ̀ Àlàájà arúgbó kan nísàlẹ̀ ilé, ó wá ń fi etí jí ìyókù.

Ibi tó ti ń jí i jù ni Obhur. Ibẹ̀ ni àwọn olówó kọ́lé sí létí òkun, kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ àfi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ni Salimat ń lọ tún ilé ṣe fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Taghreed, Àzíìzàt a sì bá a lọ. Taghreed ní ọmọbìnrin kan, Jana, òun náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Olùkọ́ mẹ́ta ló ń wá kọ́ Jana nílé: ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti ìṣirò, àti ti dùùrù. Jana kì í ṣe olódo o, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ ìṣirò bá bi í pé kí ni yóò kù bí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, Jana á máa wo òrùlé, Àzíìzàt tó jókòó sí ilé ìdáná tó ń bó aáyù á ti fi ètè sọ ọ́ kí olùkọ́ tó kọ ìbéèrè tán. Salimat rí ètè náà níjọ́ tó kọ́kọ́ mì. Inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó bá mọ nǹkan tó báyìí, wọ́n máa rí i lọ́jọ́ kan, rírí gan-an ni Salimat sì ń sá fún.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni Abdussamad.

Abdussamad jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá Salimat, ó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì ní Mẹ́kà. Ìwé tirẹ̀ pé pérépéré, oúnjẹ ni kò pé. Nítorí náà, bí ó bá ti kírun Jímọ́ọ̀ tán, Jẹ́dà ló ń gbà lọ, ilé Salimat ló sì ń sọ̀ sí. Al-Kùránì wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí olóhùn tó dùn tó o láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ òun àti nọ́ńbà kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ní Jímọ́ọ̀ tí mò ń wí yìí, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n dán wọn wò lórí ogún pínpín, ó sì gbé ìwé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìrẹsì.

"Àǹtí, ẹ wò ó," ló wí, ó ń fi ṣíbí tọ́ka sí ojú ìwé. "Obìnrin kan kú."

"Ọlọ́run á foríjìn ín," Salimat dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Inú ìwé ló kú sí, Àǹtí. Kò bímọ. Ó fi ọkọ sílẹ̀, ó fi àbúrò obìnrin méjì sílẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Òfin ní kí ọkọ mú ìdajì, kí àwọn àbúrò mú ìdá méjì nínú mẹ́ta. Mo ti ń pín in láti àná, kò bọ́ sí i."

Àzíìzàt wà nílẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Yorùbá ni wọ́n ń bá a sọ nílé, Lárúbáwá ló fi ń fèsì, bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Kò gbójú sókè.

"Ó pọ̀ jù," ló wí.

"Kí ló pọ̀ jù?"

"Ìpín wọn. Ká ní ẹ gé ogún náà sí mẹ́fà. Ọkọ á mú mẹ́ta, àwọn àbúrò á mú mẹ́rin. Méje nìyẹn. Mẹ́fà lẹ sì gé."

Abdussamad gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó ti wo ìṣòro náà láti àná, kò rí i pé ibẹ̀ ni ẹ̀gún wà. "Kí la ó wá ṣe? Ta ni ká yọ sẹ́yìn?"

Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ju òkúta kékeré kan kúrò nínú ẹ̀wà. "Ẹ má yọ ẹnikẹ́ni. Ẹ gé e sí méje. Kí ọkọ mú mẹ́ta, kí àwọn àbúrò mú mẹ́rin. Ti kálukú á dín díẹ̀, kò ní jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló máa ru gbogbo àdánù."

Abdussamad ṣí ìwé lọ sí ojú ewé tó tẹ̀lé e, níbi tí wọ́n kọ ìdáhùn sí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Bí àwọn onímọ̀ àtijọ́ ṣe dá ẹjọ́ náà gan-an nìyẹn: méje, mẹ́ta fún ọkọ, mẹ́rin fún àwọn àbúrò. Ó bi í ní mẹ́ta mìíràn nínú ìwé náà. Kí ó tó ka orúkọ àwọn olóògbé tán, ọmọ ti pín ogún wọn. Ìrẹsì tutù sórí tábìlì, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí Abdussamad ti ń wá sí ilé náà.

"Àǹtí," ló wí, "ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ṣe?"

Salimat gbọ́. Ó dìde, ó lọ ti fèrèsé.

"Ẹ̀rù wo ló ń bà yín? Ìṣirò ló ṣe, kò jalè."

"Sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Obìnrin kan wà ní Ash-Shubaikah, ní Mẹ́kà, nítòsí Mọ́sáláṣí Ńlá. Ùsításà Duaa ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Olùkọ́ Duaa. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ó wá ṣí kíláàsì kan sí òkè ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, fún àwọn ọmọbìnrin tí ilé ẹ̀kọ́ kò gbà. Ọmọ mẹ́sàn-án péré ló ń mú lọ́dún. Ọmọ ìlú ni, ṣùgbọ́n dúdú bíi tiwa ni. Baba ńlá rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn wá láti ilẹ̀ Haúsá wá ṣe Hájì, tí kò padà mọ́. Ọ̀la, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ló máa dán àwọn ọmọ wò.

"Wọn ò bèèrè ìwé níbẹ̀, Àǹtí. Orí ọmọ nìkan ni wọ́n ń bèèrè."

"Bí wọ́n bá ti mọ orí, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi mọ ilé."

"Ẹ wá fẹ́ kó máa bó aáyù títí ayé?"

Salimat gbé abọ́ ìrẹsì kúrò níwájú rẹ̀. Inú bí i, nítorí pé ohun tí ó ń bi ara rẹ̀ ní Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ni ọmọkùnrin yìí gbé kalẹ̀ sáàárín ilé láìtọrọ àyè.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó pe ọkọ rẹ̀, Abdulrafiu. Ó ti di ọdún méjì tí Abdulrafiu ti padà sí Ìsẹ́yìn lọ sin ìyá rẹ̀, tí kò sì rí físà gbà wá mọ́. Ohun tí Salimat fẹ́ ni kí ọkọ ní rárá, kí òun lè sọ fún Abdussamad pé bàbá ọmọ kò gbà. Ó ro ẹjọ́ náà ní ọ̀nà tí ó lè fi dẹ́rù ba ọkùnrin. Ó dárúkọ ọlọ́pàá tó wà lójú ọ̀nà Mẹ́kà, ó dárúkọ àtìmọ́lé. Abdulrafiu kò gbọ́ ju pé ọmọ òun pín ogún fún ọmọ yunifásítì. Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ń mì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Salimat, mú un lọ."

"Bí wọ́n bá mú wa ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá mú yín, ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n máa kó yín wá."

 Salimat pa fóònù, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, Abdussamad ti mú ọkọ̀ wá, ọkọ̀ Àjàmú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Jẹ́dà ju ọ̀pọ̀ òpó iná ìgboro lọ. Àjàmú ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá ku díẹ̀ kó dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá ń dúró sí, á pa orin, á tan Al-Kùránì tó lọ sókè, á sún fìlà sẹ́yìn kí àpá ìforíkanlẹ̀ iwájú orí rẹ̀ lè hàn, á wá máa mi orí. Ó ní nínú ọdún mẹ́rìndínlógún, kò tíì sí ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ òun dúró nígbà tí súrà ń lọ. Salimat jókòó sẹ́yìn, ó ń wé híjáàbù fún ọmọ. Ẹnu rẹ̀ sì sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ láràárọ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà ilé: "Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, Àzíìzàt. Kí lò ń sọ bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan?"

"Mádírì."

"Ọmọ dáadáa."

Ọlọ́pàá yọjú, ó gbọ́ súrà, ó rí orí Àjàmú tó ń mì, ó juwọ́ fún wọn kí wọ́n máa lọ.

Inú kọ̀rọ̀ kan láàárín òtẹ́ẹ̀lì gíga méjì ni ilé Ùsításà Duaa wà. Ṣọ́ọ̀bù tẹ̀súbáà ló wà nísàlẹ̀, kíláàsì wà lókè. Ọkùnrin kì í gòkè, nítorí náà Abdussamad dúró nísàlẹ̀, ó ń díbọ́n bí ẹni tó fẹ́ ra tẹ̀súbáà. Ìyá márùn-ún mìíràn ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn. Kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹnì kejì. Nígbà tí Ùsításà jáde, obìnrin gíga, aláwọ̀ dúdú, tó ní gíláàsì lójú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ Àzíìzàt, ó mú un wọlé. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí àwọn ìyá lè máa gbọ́ ohun tó ń lọ.

"Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi?"

"Mádírì."

Salimat gbé orí sókè.

"Ṣé Mẹ́kà lẹ̀ ń gbé ni, tàbí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá?"

"Mádírì."

"Kò burú," Ùsításà wí, ó rò pé ojú ló ń ti ọmọ. "Jẹ́ ká fi orúkọ sílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́sàn-án ní búrẹ́dì mẹ́rin, wọ́n fẹ́ pín in lọ́gbọọgba. Kí ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Mádírì."

Ó tún bi í ní òmíràn, ó tún bi í ní òmíràn. Ìbéèrè ìṣirò méje ló bi í, mádírì méje ni Àzíìzàt dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì balẹ̀, bí ẹni tó ń ka súrà tó ti há sórí. Ní ìbéèrè kẹta ni ọ̀rọ̀ ti yé Salimat. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó mọ ẹni tó fà á. Ó yẹ kó dìde. Kò dìde. Wíwọ iyàrá Lárúbáwá láìpè é, kí ó lọ ṣàlàyé ara rẹ̀, kò ṣe é rí láti ọdún méjìlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ùsításà jáde, ó gbé ọwọ́ lé èjìká Salimat. "Má bínú, ìyá ọmọ. Ó jọ pé kò tíì tó. Mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Kí a má purọ́, ara tu Salimat. Ọ̀rọ̀ ti yanjú, òun kọ́ ló sì kọ̀. Abdussamad kò ní rí nǹkan kan sọ, Abdulrafiu náà kò ní rí nǹkan kan sọ. Ilé ni wọ́n ń lọ báyìí, kò sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níbikíbi, ọ̀la á sì rí bí àná ṣe rí. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ nígbà tí Àzíìzàt jáde, tó fa aṣọ rẹ̀, tó sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀ sí i létí. Bí ọmọ náà bá sọ Yorùbá, àṣírí ni.

"Màámi, obìnrin yẹn gbìyànjú gan-an o. Méje ló bi mí. Mi ò sọ nǹkan kan fún un."

Ó dúró, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń retí kí ìyá òun yìn òun.

Ọ̀rọ̀ náà gún Salimat lọ́kàn. Ìdánwò kan ṣoṣo ni òun ti ń kọ́ ọmọ yìí fún láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ sì ti yege nínú rẹ̀, kò ṣìse kankan. Ojú tì í débi pé ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó wá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń pe Ùsításà, tó sì lọ sókè ju bí ó ṣe rò lọ.

"Ùsításà, ẹ dúró." Lárúbáwá ọjà ni Lárúbáwá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún ohun tó fẹ́ sọ. "Ó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa sọ pé òun ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í, ohunkóhun tó bá bi í. A ò ní ìwé. Mo bẹ̀rù ni. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ọmọ."

 Ìyá kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ti ilẹ̀ Chad wá, fa ọmọ tirẹ̀ mọ́ra lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá sí i létí.

Ùsításà Duaa yọ gíláàsì, ó nù ún. Kò bínú. "Ìyá mi àgbà kọ́ ìyá mi ní ẹ̀kọ́ kan náà," ló wí. "Ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni níbí. Wọlé, kí ìwọ náà wá jókòó."

Salimat wọlé, ó jókòó sórí àga ọmọdé kan tí kò gbà á tán. Àzíìzàt wo ìyá rẹ̀, ó wo Ùsításà, ó tún wo ìyá rẹ̀.

"Ṣé kí n sọ fún un?"

"Sọ fún un."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Àfi bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi. Orúkọ òun ni Àzíìzàt, ọmọ Abdulrafiu, ọmọ Salimat. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, ilẹ̀kùn wọn jẹ́ aláwọ̀ ewé, Àlàájà tó ń kọ́ òun ní Kéú nísàlẹ̀ máa ń sùn lọ láàárín súrà, òun á sì máa bá a lọ títí á fi jí. Ọkọ̀ Bàbá Àjàmú tó gbé wọn wá kò ní iná ẹ̀yìn kan, ó sì ti pẹ́ tí kò ti ní in. Salimat wúkọ́. Ọmọ náà gbọ́ ikọ́, ó bọ́ sórí ìṣirò.

Búrẹ́dì, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òun kò rí bí wọ́n ṣe fẹ́ gé e tí kò ní fọ́. Ẹ̀rọ omi méjì tí ọ̀kan ń kún àgbá ní wákàtí mẹ́ta, tí èkejì ń kún un ní wákàtí mẹ́fà, bí wọ́n bá ṣí méjèèjì pọ̀, wákàtí méjì ni. Nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tó di igba ó dín mẹ́rin, mẹ́rìnlá ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ, kò béèrè pé kí wọ́n tún ìkankan sọ. Gbogbo ìgbà tí ẹnu rẹ̀ fi ń sọ mádírì, inú rẹ̀ ti ń ṣe é, ó sì ti tò wọ́n kalẹ̀ síbẹ̀. Ùsításà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́. Ó kàn ń wò ó.

Ní ìkeje, Àzíìzàt dúró.

"Èyí, mi ò mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Ẹ ní bí ẹ bá fi márùn-ún kún Sín, ó di méjìlá. Ta ni Sín?"

Sín ni lẹ́tà tí wọ́n fi ń dúró fún nọ́ńbà tí a kò tíì mọ̀ nínú ìṣirò ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó fi í han Àzíìzàt rí.

Ùsításà Duaa rẹ́rìn-ín. "Ẹ óò bá ara yín pàdé lọ́jọ́ Àìkú," ló wí. "Ọjọ́ náà ni kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀."

Ó gba ìṣẹ́jú kan kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ Salimat lára. Nígbà tó wọ̀ ọ́ lára tán, omi ti dé ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn.

"Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní gbogbo èyí?" Ùsításà bi Salimat.

"Mádírì," Salimat wí, ó sì jẹ́ òtítọ́, ni àwọn ìyá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín, àwọn tí kò wo ojú ara wọn láti àárọ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Abdussamad ti ra tẹ̀súbáà mẹ́ta tí kò nílò. Wọ́n sọ fún un. Ó ké Alihamudu lilahi débi pé oníṣọ́ọ̀bù dìde. Ó ti ń ṣètò kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀: Kìfáyàtù, ọmọ ìlú wọn kan tó ń dirun ní Mẹ́kà, ní àyè nínú yàrá rẹ̀, orí tó wà fún dídì ní Mẹ́kà sì ju ti Jẹ́dà lọ. Salimat ní kó jẹ́ kí òun mí ná. Abdussamad lọ pe Àjàmú, ó ní kí Salimat àti ọmọ sọdá títì, kí wọ́n dúró de àwọn sí òdìkejì.

Ó ti ń súnmọ́ ìgbà ìrun Àìlà. Àwọn èèyàn ti ń pọ̀ létí títì, wọ́n ń dúró kí ọ̀nà ṣí, àwọn bọ́ọ̀sì sì ń kọjá láìdẹ́kun. Ọlọ́pàá kan dúró síwájú wọn, ọ̀dọ́kùnrin, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ibi tí èrò tì wọ́n sí gan-an ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí Àzíìzàt tó ń wo èrò, tí ètè rẹ̀ ń mì.

"Ìwọ ọmọ yìí," ló wí pẹ̀lú ẹ̀rín, "kí lorúkọ rẹ?"

Ètè náà dúró. Àzíìzàt pa ẹnu dé, ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Ohun tí wọ́n yọ̀ǹda lókè, Ùsításà ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún. Èyí, aṣọ ìjọba ló wọ̀.

 Ìdáhùn ọdún méjìlá wà lẹ́nu Salimat, ó ti ṣetán láti jáde, ó sì mọ̀ pé bí òun bá mi orí báyìí, ọmọ yìí á sọ ọ́, kò ní ṣìse. Á tún máa sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, á máa sọ ọ́ títí á fi dàgbà. Ó tẹ ọwọ́ ọmọ náà.

"Dá a lóhùn," ló wí.

"Àzíìzàt ọmọ Abdulrafiu," ọmọ náà wí. "Akẹ́kọ̀ọ́ Ùsításà Duaa ni mí."

"Máṣá Àllà. Kí lẹ̀ ń kọ́ níbẹ̀?"

"Ìṣirò."

"Ìṣirò? Ó dáa. Èèyàn mélòó ló ń dúró kí n ṣí ọ̀nà fún wọn?"

"Méjìdínláàádọ́ta."

Ọlọ́pàá náà yí orí padà, ó gbìyànjú láti kà wọ́n, ó dé ogún, ọ̀kan nínú wọn kúrò lójú kan, ó pàdánù. Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ka ara rẹ àti màmá rẹ mọ́ ọn?"

"Mo kà wá mọ́ ọn," Àzíìzàt wí. "Àwa náà ń dúró."

Ọlọ́pàá gbé ọwọ́ sókè, àwọn bọ́ọ̀sì sì dúró. Salimat di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì bá àwọn yòókù sọdá.